Ẹ̀rí Mẹ́tàdínlógún fún Aṣebàtà

Ìtìjú kì í pa èèyàn. Bó bá ń pani ni, obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ì bá ti kú ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, lórí àga tìmùtìmù nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀, lójú èèyàn mẹ́ta tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ láyé. Kò kú. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n lẹ èsì ìdánwò mọ́. Ṣùgbọ́n ìdí la ti ń gun igi, a kì í ti òkè gùn ún. Ẹ jẹ́ ká padà sí ìdí ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ obìnrin náà ni kíkọ fọ́ọ̀mù fún aráyé. Ó ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin àti fáànù kan tó ń ké bí ẹyẹ. Ẹni tó fẹ́ fọ́ọ̀mù iléèwé, ẹni tó fẹ́ fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà, ẹni tó ń wá owó ìfẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá, wọ́n sì ń pè é ní Àǹtí Fọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò bá ní ímeèlì, òun ni yóò ṣí i fún un, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, torí ó mọ̀ pé lọ́sẹ̀ méjì sí i, onítọ̀hún á padà wá pẹ̀lú ìtìjú lójú: "Àǹtí Fọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ní orúkọ ajá mi ń jẹ́?"

Ìyá rẹ̀ ti kú. Òun àti bàbá rẹ̀ ló kù nílé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ọdún márùndínlógójì máàkì ìwé ọmọ ọlọ́mọ, tí kò sì tíì lè jáwọ́ ńbẹ̀. Kódà bí wọ́n bá mú ìwé iná mànàmáná wá, Bàbá á yọ bírò pupa, á fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n kọ tí kò yé e.

Bàtà Bàbá ló kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ aṣebàtà. Bàtà dúdú olókùn, tó ti dàgbà ju àwọn kan tó ń ṣàkóso ìlú lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà tóóró bí ọ̀nà àárín ilé méjì. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó tẹ́ awọ lé orí itan, kò sì gbójú sókè títí ó fi fa òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dópin. Ó wá gba bàtà náà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì ń tẹ ibí tẹ ọ̀hún bíi dókítà.

"Ẹni tó ni bàtà yìí," ó ní, "eegun kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì."

"Ha! Ẹ mọ bàbá mi ni?"

"Rárá o. Ó ti dúró gan-an láyé rẹ̀. Ó sì máa ń bínú."

"Èwo ni ti ìbínú?"

"Ẹ wo gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló jẹ. Bàtà ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ tó ń fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ ló ń rí báyìí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, torí ó ń rí Bàbá ní kedere, lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ, tó ń fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ gbì, gbì. Ó béèrè ọjọ́ tí òun máa padà wá.

"Ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ọjọ́ mẹ́wàá! Nítorí bàtà kan?"

"Méjì ni. Àbí ẹsẹ̀ kan ni bàbá yín ní?"

Ìdí rèé tí àdúgbò fi ń pè é ní Díẹ̀díẹ̀. Bí o bá bi í pé báwo ni iṣẹ́, á ní díẹ̀díẹ̀ ni. Bí o bá bi í pé ìgbà wo ló máa parí, á ní díẹ̀díẹ̀ náà ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ ìyẹn, wọn a sì dúró dè é. Ẹni tó bá ṣe bàtà fún, á fi pẹ́ńsù ya ẹsẹ̀ onítọ̀hún sórí pálí, á gé e, á fi okùn so ó kọ́ sára ògiri. Kì í kọ orúkọ sí i. Bó bá ti fojú kan pálí kan, ó ti mọ ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà.

Láàárín oṣù méjì, kò sí bàtà nílé Bàbá tí kò gba àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun. Nígbà tí bàtà ilé tán, Àǹtí Fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ti aládùúgbò. Nígbà tí ti aládùúgbò tán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan lọ́wọ́ òfo, kò rí irọ́ kankan pa.

"Ẹ ò mú bàtà wá lónìí," aṣebàtà wí.

"Ó ti tán."

Ọkùnrin náà fa àga kan síwájú, ó fi àkísà nù ún lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ yín náà lè sinmi."

Bó ṣe di ìfẹ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ ni ọkùnrin náà lò kó tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Obìnrin náà ti ń rò ó pé ọkùnrin yìí á fẹ́ òun ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé òun lọ sí itẹ́ òkú.

*

Àbúrò Bàbá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló gba iṣẹ́ alárinà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kì í ṣe obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ti pariwo orúkọ aláìsàn ní gbọ̀ngàn fún ọgbọ̀n ọdún.

"Bọ̀ọ̀dá, ọmọ yín ti rí ọkọ."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Bàtà ni."

"Ó ń tà á?"

"Ó ń ṣe é."

Gìgísẹ̀ Bàbá lu ilẹ̀ gbì. "Nọ́ọ̀sì, mi ò kórìíra iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n? Ta ló jẹ́rìí sí i?" Ó nawọ́ mú fóònù rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti fi hàn án pé àwọn oníbàárà máa ń kọ èrò wọn sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń fi ìràwọ̀ máàkì onítọ̀hún, ọkàn Bàbá ti balẹ̀ pé ayé ṣì ní làákàyè. Kì í ra búrẹ́dì mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ẹni tó ṣe é. Ẹ̀rí ló ń pè é.

Ó wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà rí. Ẹ̀rí mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, kò kọ nǹkan kan. Ẹnìkan fún un ní mẹ́ta, ó ní ibẹ̀ kéré. Ẹnì kẹta fún un ní ẹyọ kan, Bàbá sì kà á sókè: "'Bàtà rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí o tó gbà á, ẹsẹ̀ rẹ á ti dàgbà jù ú lọ.'"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Ọdún mọ́kànlá nídìí iṣẹ́, ẹlẹ́rìí mẹ́ta! Ọ̀kan nínú wọn yadi, ọ̀kan ń bú u. Kó wá ogún ẹlẹ́rìí, tí wọ́n sọ̀rọ̀ tó lórí, ká tún jọ jókòó. Èmi ò lè fi ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí fún ẹni tí aráyé ò lè jẹ́rìí sí."

Nígbà tí Àǹtí Fọ́ọ̀mù jíṣẹ́ yìí fún Díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin náà mi orí.

"Mi ò lè máa bẹ èèyàn pé kó yìn mí. Bó bá dùn mọ́ ọn, á sọ ọ́."

"Wọn ò ní í sọ ọ́! Àwọn tí inú wọn dùn kì í kọ nǹkan, wọ́n ń wọ bàtà wọn lọ ni. Àwọn tó ń bínú ló ń kọ̀wé."

"Ká mú sùúrù nígbà náà."

Sùúrù! Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà. Ó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́fun bí egungun ẹja. Òjò ń rọ̀, oníbàárà kankan ò wá, ọ̀gá ti jáde. Ìwé pẹlẹbẹ tí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀ wà lórí tábìlì.

Ó kọ́kọ́ sọ fún ara rẹ̀ pé ẹyọ kan péré ni. Ó ṣí ímeèlì ìyá kan tó máa ń gbẹ̀bí, ó fi orúkọ rẹ̀ kọ ọ́ pé bàtà tí aṣebàtà yìí ṣe fún òun kò jẹ́ kí ẹ̀yìn dun òun mọ́. Ó fi orúkọ sójà kan kọ ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹrin, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ká sòótọ́, ó ti ń dùn mọ́ ọn. Ó ti ń fi ohùn ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀, ó ń fi ohùn awakọ̀ sọ̀rọ̀, àfi bí aṣeré. Torí pé ẹni tó sọ pé Díẹ̀díẹ̀ ń pẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún jù, ó ń fọ àbàwọ́n yẹn nù nínú gbogbo wọn: "Ọjọ́ kan péré ló fi ṣe é." "Mo mú un wá láàárọ̀, mo wọ̀ ọ́ lọ sílé lálẹ́." Nígbà tí ìtàn ń tán nínú rẹ̀, ó yá ẹsẹ̀ bàbá ara rẹ̀ lò: "Eegun kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi òsì, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí rántí rẹ̀." Kí òjò tó dá, ó ti kọ mẹ́tàdínlógún. Mẹ́ta òun mẹ́tàdínlógún, ogún.

Ẹyin lohùn. Ó ti já.

*

Bàbá fi ọ̀sẹ̀ kan kà wọ́n. Ó ní ẹni tó gbẹ̀bí yẹn gbọ́n. Ó ní sójà yẹn ń fọ́nnu díẹ̀ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Ó dúró pẹ́ lórí ọ̀kan, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ẹni yìí jọ tèmi."

Ọmọ rẹ̀ wúkọ́. "Ẹsẹ̀ àgbà jọra, Bàbá."

"Sọ fún un kó wá kí mi."

Inú obìnrin náà dùn títí dé ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó bá èrò níbẹ̀. Èèyàn bíi mẹ́wàá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tóóró yẹn, kálukú pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ àti fóònù lọ́wọ́ kejì.

"Ọjọ́ mẹ́wàá kẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọjọ́ kan!"

"Màdáámù, mi ò ṣe bàtà ní ọjọ́ kan rí."

"Ẹ ṣe é fún sójà, ẹ ṣe é fún ìyàwó tuntun, àwa lẹ ò lè ṣe é fún? Àbí ẹ fẹ́ mọ ẹni tí a jẹ́ kẹ́ ẹ tó dá wa lóhùn?"

Díẹ̀díẹ̀ jẹ́ ẹni tí kì í lè wo ojú èèyàn kó ní rárá nígbà mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára, iṣẹ́ tí kò kọ́ rí. Gọ́ọ̀mù tó yẹ kó fi ọjọ́ méjì gbẹ, wákàtí méjì ló ń fún un. Àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lójú títì bí ẹnu ẹja. Gìgísẹ̀ bàtà obìnrin kan yọ nígbà tó ń gorí pèpéle lọ gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ló sì rí i tó ṣubú.

Òun ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Ìràwọ̀ kan. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e bí ìgbà tí odò ya. "Onírọ́." "Ó sanwó fún àwọn tó ń yìn ín ni." "Kí ló dé tí gbogbo àwọn tó yìn ín kọ̀wé lọ́jọ́ kan náà?" Kí oṣù tó parí, ogójì èèyàn ti pè é ní oníjìbìtì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti wà lára ògiri fún ọdún púpọ̀, kà á nínú ilé wọn, wọ́n dákẹ́, wọn ò sì wá mọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà dá páropáro. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ wá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

"Ẹnìkan fẹ́ bà mí jẹ́ ni," Díẹ̀díẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó fi ìyìn ṣe é. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi ìyìn pa èèyàn. Kí ni mo ṣe fún onítọ̀hún?"

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, tí mo bá sọ ọ́, ó lọ. Tí mo bá pa wọ́n rẹ́, Bàbá á ka ẹ̀rí, kò ní pé ogún. Ó ní, ọ̀la ni mo máa sọ ọ́. Ọ̀la di ọ̀túnla, ọ̀túnla di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ń lọ dì í lọ́wọ́ mú lójoojúmọ́.

*

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wá dé ọ̀sán Sátidé tí a fi bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn, Díẹ̀díẹ̀ wá kí Bàbá bó ṣe ní kó wá. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì mú pálí kan dání tó fi bébà wé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti jókòó bí adájọ́. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Òun náà ti ka ogójì tó wá lẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Díẹ̀díẹ̀ kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni."

"Lórí kí ni?"

"Lórí ohun tí ẹ kọ nípa mi."

"Èmi? Kọ kí ni?"

Ọkùnrin náà tú bébà. Ẹsẹ̀ kan ni, ẹsẹ̀ òsì, ó yọ níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ìka.

"Gbogbo ẹni tí mo ṣe bàtà fún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Mo mú ẹ̀rí mẹ́tàdínlógún yẹn, mo ń wá ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí ti sójà. Mi ò rí ti ìyàwó tuntun. Ẹyọ kan péré ni mo rí, èyí. Inú bàtà yín ni mo ti wọn ẹsẹ̀ yìí. Mo wá mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ fẹ́ gbà mí, ojú ń tì yín láti sọ ọ́, ẹ wá gba ẹ̀yìnkùlé ràn mí lọ́wọ́." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó bàjẹ́, Bàbá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Mi ò bínú. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Mo ti gbàgbé rẹ̀."

Gbogbo ọ̀rọ̀ ìdáríjì tó ń wu obìnrin náà láti gbọ́, wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn lójú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bọ́ sí i lára bí omi gbígbóná.

Bàbá wo pálí náà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá wo ọmọ rẹ̀, ó sì rí ojú tó ti rí lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ iléèwé ní gbogbo ọdún tó fi kọ́ni, ojú ẹni tó jí ìwé wò.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tó yára ju gbogbo wọn lọ, tẹ̀ síwájú sétí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rò pé òun ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà á. Ẹ ní ẹ̀yin ni. Ọ̀rọ̀ tán."

Bàbá, tí kò pa irọ́ rí, tó ti lé ọmọ ogún jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, la ẹnu. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ gbọ́, èmi ni mo—"

"Èmi ni."

Obìnrin náà ló sọ ọ́. Kò gbé ojú kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Bàbá ò mọ nǹkan kan. Orúkọ àwọn oníbàárà mi ni mo fi kọ ọ́."

"Ìwọ?" Díẹ̀díẹ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èwo?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ọjọ́ tí mo ní ẹnìkan fẹ́ bà mí jẹ́," ó wí, "o di ọwọ́ mi mú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O dì í mú o. O ń wò mí."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó dìde, ó tẹrí ba fún Bàbá, ó ní, "Ẹ ṣeun fún omi, Bàbá," omi tí kò tíì mu, ó sì jáde. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín tún sàn ju kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ fi sùúrù pa ilẹ̀kùn dé.

Bàbá ní, "Èmi ni mo ní kó wá ogún." Gìgísẹ̀ rẹ̀ ò lu ilẹ̀.

*

Ní Mọ́ńdè, obìnrin náà jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá gba ìwé pẹlẹbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ máa ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ẹ̀yìn, níbi tí kò ti ní í rí oníbàárà. Obìnrin náà lọ ilé àwọn mẹ́tàdínlógún, ó bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbààyè láti ṣí ímeèlì wọn sórí fóònù rẹ̀ títí yóò fi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Sójà bú u fún wákàtí kan. Ìyá agbẹ̀bí ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ṣé bàtà náà ń mú ẹ̀yìn san lóòótọ́? Ẹ̀yìn ń dùn mí o."

Lẹ́yìn náà ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti fọ́tò ara rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà: "Ẹ̀rí mẹ́tàdínlógún tó wà nísàlẹ̀ yìí, èmi ni mo kọ wọ́n. Aṣebàtà ò mọ̀ sí i. Kì í ṣe bàtà ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́wàá ló ń fi ṣe é, ó sì máa ń dára. Èmi ni onírọ́, kì í ṣe òun." Ó fi mẹ́tàdínlógún náà sílẹ̀ níbẹ̀ kí aráyé lè rí ohun tó ń wí. Aráyé rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Àǹtí Fọ́ọ̀mù, ẹ bá wa kọ tiwa, ìràwọ̀ márùn-ún!" Kò bá wọn jà. Díẹ̀díẹ̀, àwọn oníbàárà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án. Òun nìkan ni kò lè yà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì lọ bá ìyá Díẹ̀díẹ̀, opó kan tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ìyá náà ò fepo bọyọ̀.

"Obìnrin tó ní ẹnu mẹ́tàdínlógún, èwo ló máa fi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ nínú ilé? Ṣùgbọ́n ẹ ní kó wá. Kó sì kó gbogbo ẹnu náà dání."

Bàbá ní òun ń tẹ̀ lé ọmọ òun lọ. "Bọ̀ọ̀dá, ilé ọkùnrin ni à ń lọ bẹ̀, ẹ̀yin bàbá obìnrin!" Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. Bàbá ń so okùn bàtà rẹ̀. "Èmi ni mo gbé ìbéèrè kalẹ̀. Bí gbogbo kíláàsì bá kùnà, ká bi tíṣà."

Yàrá ìyá náà kún fún páálí bọ́tìnnì dé òrùlé. Díẹ̀díẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti rù. Kò wo obìnrin náà.

"Mú fóònù rẹ jáde," ìyá náà wí. "Kà wọ́n sí wa létí. Bí o bá ka ọ̀kan tán, pa á rẹ́. Ká fọ ilé mọ́."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Gbogbo ayé ti kà á. Àwa nìkan la ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ ọn láti kọ lọ́jọ́ òjò yẹn wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí èébì. Ó ka ti agbẹ̀bí, ó pa á rẹ́. Ó ka ti sójà: "'Mo ti fi bàtà yìí rin aṣálẹ̀ já'", ìyá náà ní, "Aṣálẹ̀ wo?" Obìnrin náà tẹ fóònù. Ó pa á rẹ́. Ó ka ti ìyàwó tuntun, ti awakọ̀. Nígbà tó dé orí ẹsẹ̀ Bàbá, Bàbá fi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àga. Ojú obìnrin náà ń gbóná, etí rẹ̀ ń pariwo, ó ń kà, ó ń pa rẹ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú jù.

Ó dé ìkẹtàdínlógún. Ó wò ó. Ó gbé fóònù sórí itan.

"Ó tán?" ìyá náà bi í.

"Ó ku ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí n kàn pa á rẹ́."

"Kà á."

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "'Mi ò mọ nǹkan kan nípa bàtà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá ń bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀, ó máa ń gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan sílẹ̀ nítorí mi rí. Bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.'"

Ìyá náà na ọrùn. "Orúkọ ta ló wà lórí ìyẹn?"

"Ti… ti bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin."

"Ẹni ọdún mélòó?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin."

"Háà!" Ìyá náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àgbàlagbà ọkọ̀ ojú irin ló ń sọ báyìí sí ọ?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó gbá páálí bọ́tìnnì kan bọ́ sílẹ̀. Bàbá tẹ̀ lé e. Obìnrin náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Pa ìyẹn náà rẹ́," ẹnìkan wí.

Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ̀rín dá. Obìnrin náà mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn. Ó mú fóònù, omijé ò jẹ́ kó rí ibi tí ó ń tẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lọ.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Kò ku ẹyọ kan?"

"Kò kù."

Ọkùnrin náà yí àga rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, ó kọjú sí i. Bọ́tìnnì tó dà sílẹ̀ ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ àga náà.

"Ó ṣì ń dùn mí o," ó ní. "Á pẹ́ kó tó tán. Ṣùgbọ́n èyí tí o kà kẹ́yìn yẹn, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá ọkọ̀ ojú irin. Wò mí, kí o sọ ọ́."

Bàbá dìde, ó ní òun fẹ́ gba afẹ́fẹ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò dìde. Ìyá náà fà á lápá, ó fà á jáde.

Obìnrin náà gbójú sókè. Ìtìjú ṣì wà lójú rẹ̀, kò sì níbi tó máa gbé e sí. Ó gbé e dání bẹ́ẹ̀, ó la ẹnu kan ṣoṣo tó kù fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.